Bí mo ṣe tún ìkanlẹ̀kùn idẹ ilé Àgùdà kan ṣe

Ohun tó wà nílẹ̀: ìkanlẹ̀kùn idẹ, ọwọ́ obìnrin tó di bọ́ọ̀lù kékeré mú. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù jẹ́ 148 mm. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀dà tó bò ó, ó wọn 940 g.

Ohun tó bàjẹ́: ọ̀pá irin tí ọwọ́ fi ń mì ti dípẹtà, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Orí ìka tó kéré jù ti kán. Kókó idẹ ìsàlẹ̀ tí bọ́ọ̀lù máa ń bà lé kò sí mọ́. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ti sọnù.

1. Rírà

Òwódé Onírin ní Èkó ni mo ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kílò ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Híńjì àtijọ́ ni mo wá lọ, ọwọ́ yìí ló yọ sí mi láàárín àwọn ẹ̀rọ omi tó ti jẹ. Ọ̀dà funfun bò ó débi pé àwọn ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

Òòfà kékeré kan kì í kúrò lápò mi tí mo bá ń lọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Òòfà kì í mú idẹ, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n kàn fi idẹ pa lára kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e sára ọwọ́ náà, kò mú un. Mo gbé e sára ọ̀pá tó so ọwọ́ kọ́, ó mú un pẹ́kípẹ́kí. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé idẹ ni ọwọ́ àti ìjókòó rẹ̀ tó máa ń fara mọ́ ilẹ̀kùn, irin sì ni ọ̀pá.

Ìkanlẹ̀kùn tuntun tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ di arúgbó pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo iwájú. Ẹ̀yìn ti àtijọ́ máa ń ní ojú fáìlì tí kò tẹ̀ lé ìlà kan náà, nítorí ọwọ́ èèyàn ló fi fáìlì náà. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń gbá á ti pẹlẹbẹ, inú ihò á sì ti jẹ sí apá kan, nítorí pé àwọn tó ń kanlẹ̀kùn kì í gbé ọwọ́ náà sókè gbọọrọ, wọ́n máa ń fà á sí ẹ̀gbẹ́. Dúdú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe máa ń dọ́gba níbi gbogbo, títí kan ibi tó yẹ kí ìka èèyàn ti nù mọ́ kedere. Bí ẹ bá sì rí síkúrù olójú àgbélébùú lára ohun tí wọ́n pè ní ti ayé Queen Victoria, síkúrù yẹn kò bá a dàgbà: 1901 ni Victoria kú, 1936 ni Phillips gba ìwé ẹ̀tọ́ síkúrù olójú àgbélébùú tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè.

Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá àmì lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín 1842 sí 1883, àmì tó rí bíi dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń tẹ̀ sára ohun tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti 1884 ló ti di «Rd No» pẹ̀lú nọ́ńbà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ní London ti fi èyí tó ní orúkọ Kenrick lẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi rí, ilé iṣẹ́ West Bromwich tí wọ́n ti ń da irin láti 1791. Ọwọ́ tí mo rí yìí kò ní àmì kankan.

Oníǹkan ní ₦15,000. Mo san ₦9,000.

2. Wíwá ẹni tó ni ín

N kì í gbé irú nǹkan báyìí wọlé láìbéèrè ibi tó ti wá, torí pé wọ́n ń tú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru ní Èkó. Ẹni tó tà á fún mi júwe ilé kan tí wọ́n ń wó ní Pópó Àgùdà.

Àwọn tó mọ àdúgbò yẹn mọ ohun tí à ń sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1830 sókè ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí à ń pè ní Àgùdà, ti ń padà wálé, tí wọ́n ń mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún bọ̀. Ọwọ́ wọn ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, òun náà ló kọ́ Water House tí João Esan da Rocha ní ní Kakawa. Ọwọ́ tó di bọ́ọ̀lù mú sì wọ́pọ̀ lára ilẹ̀kùn ní Portugal àti Brazil títí dòní. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó Ilojo Bar ní oṣù kẹsàn-án 2016, ilé tí ìjọba ti kéde láti 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni mo ti ń ya fọ́tò gbogbo ilẹ̀kùn tó kù ládùúgbò náà. Ó dùn mí dọ́kàn pé kílò ni wọ́n fi ń ta ohun tí àwọn baba wa fi ẹ̀mí là kí wọ́n tó kó wálé.

Mo rí ẹbí tó ni ilé náà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n wó o, àwókù rẹ̀ sì ti di ti ẹni tó gbà á wó. Màmá tó dàgbà jù nínú wọn gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí ìka ti kán, ó ní, «Òun nìyí. Kò tíì kán tẹ́lẹ̀ rí kí bàbá wa tó kú.» A kọ ìwé kékeré kan: ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa wà, n kò ní tà á, bí ẹbí bá sì kọ́ ilé mìíràn tí wọ́n fẹ́ ẹ, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò gbà á. Mo rọ̀ yín, ẹ máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù sílẹ̀ ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè rà á tàbí tà á. Bí ẹ bá rí ẹdan Ògbóni tàbí ṣaworo idẹ àtijọ́ nínú òkìtì kóńdẹ́ẹ̀mù, mùsíọ́mù ni kí ẹ fi tó létí. Ìkanlẹ̀kùn àti híńjì ni tèmi, ibẹ̀ náà ni mo dúró sí.

3. Yíyọ ọ̀dà

Ọ̀dà ayé ìgbà yẹn sábà máa ń ní òjé nínú, eruku òjé sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ha á ní gbígbẹ láéláé, ẹ má sì fi iná fẹ́ ẹ.

Ìkòkò kan tí a ò ní fi se oúnjẹ mọ́ ni mo lò. Mo rọ omi bò ó mọ́lẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ ọṣẹ ìfọṣọ sí i, mo gbé e ka iná díẹ̀ níta gbangba, kí omi gbóná ṣùgbọ́n kó má hó yaya. Idẹ àti ọ̀dà kì í fẹ̀ bákan náà nínú ooru, nítorí náà ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan mo yọ ọ́, mo fi ọparun tí mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ ha á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Irin kì í kàn án rárá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi wọ àárín ìka. Mo kó ọ̀dà tó jáde sínú ọ̀rá, mo dì í pa.

Funfun ló wà lókè, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, pupa rúsúrúsú ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fi ibi kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, bíi fífẹ̀ èékánná, tí ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú á lè rí ìtàn rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó jáde lábẹ́ ọ̀dà ni àwọ̀ dúdú-pupa tí idẹ máa ń ní bó bá pẹ́, tó mọ́lẹ̀ bíi wúrà níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Mi ò fi ẹ̀rọ tó ń yí kàn án, mi ò fi Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ kàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ kó máa tàn yanran, ṣùgbọ́n ìdán yẹn, ojú iṣẹ́ ẹni tó dà á ló ń jẹ. Wọ́n fi irin ṣóńṣó fa ìlà tín-ín-rín sí eteetí ọrùn ọwọ́ náà bíi léèsì ọwọ́ aṣọ. Ẹ̀rọ ìdán á pa á rẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo dán an wò lẹ́yìn ìjókòó. Tó bá ti pẹ́ lára idẹ, á jẹ síńkì inú rẹ̀, á ku bàbà sójú, ibẹ̀ á wá pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ tètè ṣan án kúrò pẹ̀lú omi púpọ̀.

4. Ọ̀pá àti ihò

Irin tó wà nínú idẹ ní etí òkun ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, ó sì ń yára jẹ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí idẹ tó fara kàn án. Ọ̀pá yìí ti wú, ó ti há pinpin. Mo fi epo kẹrosíìnì rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, mo fi ìṣó tí mo gé orí rẹ̀ gbá a díẹ̀díẹ̀, mo gbé ìjókòó lé orí igi tí mo gbẹ́ kòtò sí kó má bàa tẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ 6 mm. Ní àárín, ó ti tín-ín-rín di 4.6 mm. Ihò ara ọwọ́ ti di 6.8 mm lápá kan, 6.1 mm lápá kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní kí a lu ihò náà di 8 mm, kí a sì ti páìpù kékeré bọ̀ ọ́. Mo kọ̀. Ohun tí a bá ti lu kúrò lára ohun àtijọ́ kò ní padà mọ́. Ọ̀pá idẹ tuntun ni mo rà, 7 mm, mo fi fáìlì àti sánpépà 240 dín in kù sí 6.6 mm, mo wá fi fáìlì róbótó fẹ àyè tó há jù lọ nínú ihò náà díẹ̀ títí ọ̀pá fi wọlé láìgbọ̀n. Idẹ tó rọ̀ ju ti ọwọ́ lọ ni mo dìídì wá, kó lè jẹ́ pé ọ̀pá ni yóò máa jẹ, kì í ṣe ihò. Ọ̀pá ṣeé pààrọ̀.

5. Kókó ìsàlẹ̀

Èyí ni iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù. Ojú ilẹ̀kùn àtijọ́ náà ti lọ, ṣùgbọ́n fọ́tò kan tí ẹbí ní ràn mí lọ́wọ́: ọmọdé kan dúró níwájú ilẹ̀kùn, kókó náà hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó rí roboto, àárín rẹ̀ yọ sókè díẹ̀. Mo fi gígùn ọwọ́ tó wà nínú fọ́tò wọn ọ́n: fífẹ̀ rẹ̀ 38 mm, gíga rẹ̀ 11 mm.

Ìlú Ọ̀ṣun afidẹrẹmọ ni mo gbé e lọ, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ asúdẹ ní Ọ̀ṣogbo. Bàbá yí ọwọ́ náà wò, ó fi èékánná kan ìlà léèsì yẹn, ó ní, «Ìda ni wọ́n fi ṣe èyí. Iyanrìn kì í mú irú ìlà báyìí.»

Ìda oyin la lò: a ó fi ìda mọ kókó, a ó fi amọ̀ bò ó, a ó fi iná sun ìda jáde, idẹ yóò sì gba àyè rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, ó mọ kókó náà lórí pátákó tó fi omi rẹ, ó fi irù gígùn 45 mm sí i lẹ́yìn tí yóò wọnú igi. Mo ní kó ṣe é ní 38.6 mm, kì í ṣe 38, nítorí pé idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù, nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá kò fi rúlà wọn nǹkan rí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wọn tirẹ̀, mo fi vernier, irinṣẹ́ tó ń wọn ìdá mílímítà, wọn tèmi, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ju irun lọ láàárín wa.

Ìda kókó pẹ̀lú irù rẹ̀ wọn 11 g. Nígbà tí a fi okùn ìda tí idẹ yóò gbà wọlé sí i, ó di 19 g. Idẹ wúwo tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ìda, nítorí náà a nílò nǹkan bí 171 g. A yọ́ 250 g kó má bàa dín.

Amọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́búlẹ́bú ni, Bàbá kù ú pẹ̀lú èédú tó lọ̀ kúnná, ó fi ìyẹ́ adìyẹ pa á lára ìda kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè láàárín wọn. Ìyẹn gbẹ lábẹ́ òjìji, kì í ṣe nínú oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ líle tó ní ìgbẹ́ màálù nínú, ìpele lórí ìpele, títí ó fi tóbi tó èso osè. Ẹnu rẹ̀ ṣí sókè.

Dídà àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Òjò ti rọ̀ lóru, omi ṣì wà nínú amọ̀, èéfín omi náà sì wọnú idẹ. Ihò wẹ́wẹ́ kún ojú kókó. Bàbá kò bá a jà, ó fọ́ ọ, ó jù ú padà sínú ìkòkò ìyọ́dẹ, ó mọ òmíràn. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó sun amọ̀ náà títí ìda fi jó tán nínú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì pọ́n, ó wá da idẹ sí i nígbà tí amọ̀ ṣì gbóná bẹ́ẹ̀. Ó wọlé ṣàn láìdúró.

Àwọ̀ ni mo tún fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ẹ̀rọ omi àlòkù ni ọ̀pọ̀ asúdẹ ń yọ́ báyìí, ó sì máa ń yọrí sí àwọ̀ ìyeyè. Ọwọ́ àtijọ́ yìí pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé bàbà inú rẹ̀ pọ̀. Bàbá fi wáyà bàbà iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá kan yọ ẹ̀kán kan jáde wò nígbà gbogbo, títí àwọ̀ fi sún mọ́ra.

Ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Síńkì máa ń hó ní 907 °C, idẹ kò sì tíì ṣàn dáadáa kó tó débẹ̀, nítorí náà èéfín funfun á máa jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá fà á símú á gbọ̀n rìrì bí oníbà lóru ọjọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ni Bàbá ń lò báyìí dípò ẹwìrì, ìyẹn sì ń mú kí iná tètè le ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Mo tẹ «2024» sẹ́yìn kókó náà kí n tó kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ti àtijọ́.

6. Ìka tó kán

Bàbá ní òun lè da ìka tuntun mọ́ ọn. Ó lè ṣe é lóòótọ́, mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa sún mọ́ ooru tí yóò yọ́ ìka tó kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ náà ń kanlẹ̀kùn láìsí i. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá asúdẹ mirí, ó ní, «Ìwọ lo ni ín, ṣùgbọ́n ọmọ mi ì bá ti ṣe é.» A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

7. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn

Bóòtì ẹ̀yìn ìjókòó wọn 7.9 mm. Nọ́ọ̀tì M8, tí wọ́n fi ìwọ̀n mílímítà ṣe, wọlé ní ìyí méjì, ó há. Ẹ má fi agbára yí i. Ìwọ̀n Whitworth ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1841: 5/16 íǹṣì, tírẹ́ẹ̀dì 18 nínú íǹṣì kan, nígbà tí M8 ní ju 20 lọ. Tírẹ́ẹ̀dì idẹ rọ̀, nọ́ọ̀tì irin tí kò bá a mu á sì fá a tán. Onítọ́nà kan ní Múṣin gbẹ́ nọ́ọ̀tì idẹ fún mi pẹ̀lú táàpù rẹ̀ àtijọ́, irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì.

8. Kíkàn án mọ́ ilẹ̀kùn

Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí páìlì (plywood) 18 mm. Ohùn rẹ̀ kú. Ilẹ̀kùn ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá kanlẹ̀kùn, idẹ kàn ń jí i ni. Mo gbé e lọ sórí ilẹ̀kùn ìrókò mi, nínípọn 45 mm, ohùn sì jáde kọ́ọ́kọ́ọ́.

Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ 1.45 m. Ẹ kọ́kọ́ kan ìjókòó, ẹ fi ẹfun pa ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó já bọ́ fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹfun bá tẹ̀ sí ni ẹ óò lu fún kókó. Ẹni tó bá fi rúlà nìkan wọn ọ́n, ó lè fi 3 mm tàsé, bọ́ọ̀lù á sì máa gbá etí kókó.

Mo fi awọ pẹlẹbẹ sábẹ́ ìjókòó kí omi òjò má bàa wọlé. Mi ò fi sábẹ́ kókó, torí pé awọ ń gbé ohùn mì.

Ìda oyin tí mo yọ́ pọ̀ mọ́ tápẹ́ńtáìnì ni mo fi pa gbogbo rẹ̀, mo sì fi aṣọ òwú rírọ̀ nù ún. Ẹ má yọ́ ọ lórí iná tó ń jó gbangba, tápẹ́ńtáìnì ń tètè gbiná. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ gbé àwo rẹ̀ sí. Mo máa ń tún un pa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró.

9. Owó tó lọ

Ìkanlẹ̀kùn ₦9,000. Àlọ àti àbọ̀ Ọ̀ṣogbo ₦18,000. Iṣẹ́ Bàbá asúdẹ ₦12,000. Ọ̀pá idẹ ₦3,500. Nọ́ọ̀tì ₦4,000. Ìda ₦2,500. Tápẹ́ńtáìnì ₦1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦50,500. Mo ti ní òòfà, fáìlì àti vernier tẹ́lẹ̀.

Màmá wá wò ó. Ó gbé ọwọ́ náà, ó fi kan ilẹ̀kùn, ó ní ohùn ti àtijọ́ wúwo díẹ̀ ju báyìí lọ. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn wọn nípọn ju tèmi lọ. Ó tún sọ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé náà ní ìkanlẹ̀kùn tirẹ̀, tó kéré sí èyí, tí kò di bọ́ọ̀lù mú, tí ọ̀dà àwọ̀ ewé sì wà lára rẹ̀ títí wọ́n fi wó o. Mo ṣì ń wá a káàkiri Òwódé. Bí ẹ bá rí i nínú òkìtì, ẹ bá mi san owó rẹ̀ kí wọ́n tó yọ́ ọ.